Bí Igún Bá Tán, Ta Ni Yóò Gba Ẹbọ Wa?

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ìtàn Odù. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni. Ọ̀rọ̀ igún, tí àwọn mìíràn ń pè ní gúnnugún. Apá kan nínú rẹ̀ kan èmi fúnra mi, kò sì dùn mọ́ mi láti sọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Èmi á gbé e sórí àtẹ bẹ́ẹ̀ náà, ẹni tó bá wù kó rà á.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọkùnrin kan tó ń ta tòmátì ní Mile 12 wá dá Ifá lọ́dọ̀ mi. Ọjà rẹ̀ ń bàjẹ́ lọ́nà kó tó dé, gbèsè sì ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ifá yan ẹbọ, a rú u. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ àwúre. Mo kọ ohun tí a ó lò sínú ìwé pélébé kan, mo sì kọ orí igún kan sí i, bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ní òun ò mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á, ó kó owó fún mi pé kí n bá òun rà á.

Mo mú ọ̀nà Kétu pọ̀n, lọ́dọ̀ ìyá lèkúlẹ̀jà tí mo ti ń bá ra nǹkan láti ogún ọdún ó lé. Nígbà tí mo dé ìsọ̀ rẹ̀, mo bá ọmọbìnrin kan tó jókòó sórí àpótí. Ó mú ìwé dání, ó ń ka orí ẹranko tó wà lórí àtẹ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ìyá ní, "Bàbá, ẹ má fòyà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni. Iṣẹ́ ìwádìí ni wọ́n rán an. Kì í ṣe ìjọba."

Mo béèrè orí igún. Ìyá pe owó. Ẹ̀yin èèyàn mi, owó tí mo fi ń ra odindi àgbò nígbà kan ni. Mo ní, "Kí ló dé?" Ó ní, "Bàbá, kò sí mọ́ ni. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó o wá, àwọn tó ń kó o wá sì ní kò sí níbẹ̀ mọ́ náà."

Nígbà náà ni ọmọ yẹn gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ìgbà wo lẹ rí igún láàyè gbẹ̀yìn ní Kétu níbí?"

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ò jáde.

Ìgbà tí igún wà

Nígbà tí mo dé Kétu lẹ́yìn ọdún 1980, kò sí ẹni tó ń wá igún. Igún ló ń wá wa. Níbikíbi tí alápatà bá ti ń pa màlúù, wọ́n á tò sórí páànù bí àwọn àgbà tó wá ṣèpàdé. Ààtàn ò dá wà láìsí wọn. Bí a bá gbé ẹbọ sí oríta ní ìdájí, kí oòrùn tó mú, wọ́n á ti bà lé e.

Ní Ìṣẹ́yìn tí mo ti kọ́ Ifá, Olúwo mi máa ń rán mi padà lọ wo ẹbọ. Bí mo bá ní, "Bàbá, igún ti dé ibẹ̀," inú rẹ̀ á dùn, á ní kí wọ́n gbé omi tútù wá. Bí mo bá ní kò tíì dé, á dákẹ́, á ní kí n tún lọ wò ó nígbà tó bá ṣe díẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìdí. Lọ́dọ̀ wa, igún ni ẹlẹ́rìí ẹbọ, òun ló ń gbé e lọ síbi tó yẹ kó dé. Ìdí nìyẹn tí a fi gbà á lọ́wọ́ àwọn baba wa pé ẹyẹ yìí kì í ṣe ohun pípa, kì í ṣe ohun jíjẹ, kì í sì í ṣe ohun tí a fi í bọ orí. Ẹ bi àwọn ọlọ́ṣun náà, wọ́n á sọ bí igún ṣe jẹ́ fún wọn.

Báwo wá ni orí igún ṣe dé inú àwúre mi? Mi ò kọ́ ọ lọ́wọ́ Olúwo mi. Ìlú Èkó ni mo ti kọ́ ọ, lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi. Wọ́n ní igún ń rí ọ̀nà jíjìn, pé ẹni tó bá lò ó á rí ire kí ire tó dé. Mi ò sọ pé àwọn oníṣègùn àtijọ́ ò lò ó rí o. Àwọn kan lò ó. Ṣùgbọ́n ọdẹ abúlé tó pa ẹyọ kan lọ́dún mẹ́ta yàtọ̀ sí ọjà ìlú ńlá tó ń gba àpò kan lọ́sẹ̀.

Lónìí, lékeléke ló kù fún wa lórí ààtàn Olúṣósùn. Ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mọ igún, ṣùgbọ́n orí gbígbẹ nìkan ló mọ̀. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá àgbà, ṣé igún máa ń ní ara?"

Ohun tí àwọn olùṣèwádìí rí

Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn wá sílé mi. Ó wá, ó kó ìwé lọ́wọ́. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mi ò dé yunifásítì, ṣùgbọ́n a jọ kà á díẹ̀díẹ̀, èyí tí kò bá yé mi, á túmọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1999 ni àwọn ọmọ Yorùbá méjì, Sodeinde àti Soewu, ti kọ ìwádìí jáde lórí òwò ẹranko tí à ń fi ṣe ìṣègùn ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọmọ wa ni wọ́n, wọn kì í ṣe òyìnbó. Wọ́n ti ń sọ ọ́ nígbà náà pé bí a ṣe ń lò ó yìí, ọ̀pọ̀ ẹranko ni kò ní pẹ́ tán.

Èkejì, láàárín ọdún 1990 sí 2013, àwọn olùṣèwádìí lọ sí ọjà ní ibi 67 ní orílẹ̀-èdè 12 ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti àárín rẹ̀. Wọ́n ka òkú ẹyẹ tó ń jẹran tó wà lórí àtẹ. Ó lé ní 2,600, oríṣi 52. Nínú 100, 41 ló jẹ́ igún tiwa yìí àti àwòdì. Bẹ́ẹ̀, àwòdì máa ń pọ̀ káàkiri ayé. Igún tiwa ò sí níbòmíràn àyàfi ní Áfíríkà.

Ẹ̀kẹta, ní ọdún 2015, àjọ IUCN tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó ń parẹ́ láyé kó oríṣi igún mẹ́rin ní Áfíríkà sí ìpele tó le jù, ìyẹn àwọn tó ku ìpele kan ṣoṣo kí wọ́n tán nínú igbó pátápátá. Igún tiwa wà nínú wọn. Ní ọdún 2016, obìnrin olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Darcy Ogada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbogbo ikú igún tí wọ́n rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Áfíríkà jọ, wọ́n wá ohun tó pa wọ́n. Nínú 100, májèlé ló pa 61. Oògùn ìbílẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ tiwa, ló pa 29. Wáyà iná mànàmáná àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló pa èyí tó kù.

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. 29 ló ṣì jẹ́.

Ẹ̀kẹrin ló dùn mí jù. Igún kì í yé ju ẹyin kan ṣoṣo lọ lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe adìẹ. Ẹyin kan yìí, tọkọtaya á sàba lé e ju oṣù kan ààbọ̀ lọ, wọ́n á tún bọ́ ọmọ náà fún oṣù mélòó kan kó tó lè fò, ọmọ náà á sì tún gbé ọ̀pọ̀ ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá pa igún kan tó ti dàgbà, kì í ṣe ẹyẹ kan lẹ pa.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó, mo ní kí n ka iye orí igún tí mo ti rà láti bí ọgbọ̀n ọdún. Mo ka dé ọgbọ̀n, mo dákẹ́. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní èèwọ̀.

Ìlú tí igún ti tán

Ẹnìkan lè ní, "Bí igún tán, kí ló kàn mí? Ẹyẹ pípá lórí ni." Ẹ jẹ́ ká wo orílẹ̀-èdè Íńdíà.

Ní Íńdíà, igún pọ̀ títí di nǹkan bí ọdún 1990. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í pa màlúù jẹ, bí ó bá kú, igún ló ń gbé e mì. Lójijì, igún bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lórí igi. Ní ọdún 2004, àwọn olùṣèwádìí rí ohun tó fà á. Oògùn ara ríro kan ni, diclofenac, tí wọ́n ń fún màlúù. Bí igún bá jẹ òkú màlúù tó ti gba oògùn náà, kíndìnrín rẹ̀ á bàjẹ́, á kú. Ní ọdún 2006, ìjọba Íńdíà ní kí ẹnikẹ́ni má fi fún ẹran mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Oríṣi kan wà nínú igún wọn tó jẹ́ pé nínú 1,000, ẹyọ kan péré ló ṣẹ́kù.

Òkú ẹran wá ń jẹrà ní gbangba. Ajá ìgboro pọ̀, àrùn dìgbòlugi pọ̀ pẹ̀lú wọn. Omi odò bàjẹ́. Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Eyal Frank àti Anant Sudarshan, tẹ ìṣirò kan jáde. Wọ́n ní láàárín ọdún 2000 sí 2005, bíi ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ló kú ní Íńdíà tí kì bá má kú ká ní igún wà.

Ìdí ni pé omi inú ikùn igún le débi pé ọ̀pọ̀ àrùn tó wà lára òkú ẹran kì í yè é. Ẹ rántí àrùn anthrax tó wọ Nàìjíríà ní oṣù Keje ọdún 2023, tó bẹ̀rẹ̀ ní Súlèjà. Irú òkú ẹran bẹ́ẹ̀ ni igún ń bá wa gbé kúrò nílẹ̀. Àwa tí à ń gbé Mile 12, Ìkòsì àti Àgbóyì, tí odò Ògùn ń ya bò wá nígbà òjò, tí ìdọ̀tí ọjà kì í tán lẹ́sẹ̀ wa, ta ló yẹ kó bínú jù wá lọ bí agbálẹ̀ ọ̀fẹ́ bá kúrò nílé?

Májèlé nínú àwúre

Ẹ tún gbọ́ èyí, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fi nǹkan sẹ́nu ọmọ. Báwo ni wọ́n ṣe ń pa igún tí wọ́n ń kó wá sọ́jà? Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n ń yìnbọn fún. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé oògùn apakòkòrò tí àgbẹ̀ ń lò ni wọ́n ń fi sínú òkú ẹran. Ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau ní ọdún 2020, igún tó lé ní 2,000 ni májèlé pa, wọ́n sì ti gé orí ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ibo ni orí wọ̀nyẹn lọ? Inú àwúre ẹlòmíràn ni. Èyí tí mo gún fún oníbàárà, tó fi mu ẹ̀kọ gbígbóná, ta ló sọ fún mi pé kò sí májèlé nínú rẹ̀? N kò bi ẹnikẹ́ni rí.

Ohun tí a bá ara wa sọ

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé awo. Àgbà kan, tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, ní, "Òyìnbó tún dé. Wọ́n gba òrìṣà lọ́wọ́ wa nígbà kan, ẹyẹ ló kù tí wọ́n fẹ́ gbà." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ máa pẹ́ fún wa. Kì í ṣe òyìnbó ló ní ká má pa igún. Àwọn baba wa ló sọ ọ́ kí òyìnbó tó dé. Àwa la gbàgbé, àwọn olùṣèwádìí wá ń ka iye rẹ̀ fún wa." Ó dákẹ́. Òmíràn ní kì í ṣe àwa nìkan, pé májèlé ló pa èyí tó pọ̀ jù, pé àwọn tó ń gé igi ńlá tí igún ń kọ́ ilé sí náà jẹ̀bi. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ 29 nínú gbèsè 100 kì í tìtorí pé ẹnìkan jẹ 61 kó má san tirẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá lèkúlẹ̀jà. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó má ta á mọ́. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bá mi jà. Èmi ò pa igún rí láyé mi. Ìwé tí ẹ̀yin bàbá bá kọ fún oníbàárà ni mò ń wò. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ta ni mo fẹ́ tà á fún?"

Ẹ wo ọ̀rọ̀. Mo gbé ẹjọ́ lọ bá a, ó dá a padà fún mi.

Òfin wà. Láti ọdún 1985 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní òfin lórí òwò àwọn ẹ̀dá tó ń parẹ́, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2016. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ọlọ́pàá kì í pẹ́ lára. Èèwọ̀ ló ń pẹ́. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Èèwọ̀ ni kí a ṣọdẹ níbẹ̀, èèwọ̀ ni kí a pẹja odò rẹ̀, èèwọ̀ ni kí a gé igi rẹ̀. Nígbà tí UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, igbó ti tán ní àyíká rẹ̀, òun ṣì dúró. Ẹni tó bá ní ẹ̀sìn wa ò mọ bí a ṣe ń tọ́jú igbó àti ẹranko, ẹ mú un lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwa náà má ba ẹ̀rí ara wa jẹ́ ní ọjà Kétu.

Ohun tí mo ṣe, àti ohun tí mo bẹ̀ yín

Mo pe ọkùnrin onítòmátì yẹn, mo dá owó orí igún padà fún un. Mo ní kó jókòó, ká bi Ifá. Mo di ìbò fún un, mo béèrè bóyá àwúre náà lè lọ láìsí igún. Ifá ní ire ni. Mo fi ewé ajé, ọ̀dúndún, rinrin àti oyin ṣe é fún un. N kò ní pa irọ́ fún yín pé ó ti di olówó. Ó ti san díẹ̀ nínú gbèsè rẹ̀, ó sì ṣì ń wá sílé mi. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin awo ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú kíkọ igún sínú ìwé oníbàárà. Ifá tí à ń bi léèrè ohun gbogbo, ẹ bi í nípa àrọ́pò. Àjọ Nigerian Conservation Foundation tó wà ní Lẹ́kí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣèpàdé lórí bí ewé ṣe lè rọ́pò igún. Ẹ jẹ́ kí a lọ jókòó níbẹ̀, kí wọ́n má ṣe é lẹ́yìn wa. Àwa la mọ ewé.

Ẹ̀yin ará ilé, bí awo bá kọ igún fún yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí ohun mìíràn tí Ifá lè gbà?" Kì í ṣe àfojúdi. Ẹ má sì bá àwọn lèkúlẹ̀jà jà. Ẹ máa ra ewé, egbò àti èèpo igi lọ́wọ́ wọn, kí ilé wọn má bàa tú. Oògùn eku tí ẹ ń lò nílé, bí eku bá jẹ ẹ́ kú, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ẹ má jù ú sí ààtàn.

Ẹ̀yin òbí, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún ni ọjọ́ igún káàkiri àgbáyé. Ẹ fi ọjọ́ náà sọ fún àwọn ọmọ ohun tí igún jẹ́ fún wa àti ìdí tí a kì í fi í pa á. Èmi ti sọ fún ọmọ ọmọ mi pé igún ní ara, ó ní ìyẹ́, ó sì ń fò lókè réré. Ó ní òun fẹ́ rí i. Mo ní, "Ìwọ àti èmi ni."

Mo ṣì ń gbé ẹbọ sí oríta ní ìdájí. Bí mo bá gbé e kalẹ̀ tán, mo máa ń dúró díẹ̀, mo máa ń wojú ọ̀run. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rí igún láàyè ní Kétu, ní Ìkòsì, ní Mile 12 tàbí níbikíbi ní Kòṣọ́fẹ́, kó jọ̀ọ́, kó wá sọ fún mi ní ìpàdé. Obì àti omi tútù wà nílé mi fún un.